Ọjọ́ mẹ́wàá nídìí ìpàtẹ ọjà l'Ékòó: ṣé ahunṣọ lè máa dín ìrun kù?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àlékúmù, Àáfà wa. Aṣọ òkè la máa ń hun ní Ìṣẹ́yìn. Lóṣù kọkànlá, a máa ń kó ẹtù, àlàárì àti sányán lọ sí ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko la sì máa ń lò níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń dín ìrun kù láti mẹ́rin sí méjì látọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹwàá, wọ́n tún ń pa Àílà (ìrun ọ̀sán) àti Alásàrí (ìrun ìrọ̀lẹ́) pọ̀ nídìí àtẹ. Àwọn mìíràn ń dín in kù fún ọjọ́ mẹ́rin ná, kí wọ́n tó máa kí i pé. Ẹnì kan tún ní oníṣòwò kò gbọdọ̀ dín ìrun kù rárá, torí owó ló ń wá lọ. Ta ni ká tẹ̀lé? Àwọn ìrun èṣí ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàlámù. Ẹ̀yin àbúrò mi, mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ máa kí Àílà, Alásàrí àti Ìṣáì, láti orí ìrun àkọ́kọ́ tí ẹ bá kí l'Ékòó. Ẹ kò sì gbọdọ̀ pa ìrun méjì pọ̀ nídìí àtẹ. Ìdájọ́ tiwa nìyẹn, àwa tí à ń tọ ojú ọ̀nà Ìmáàmù Málíìkì, èyí tí àwọn àáfà ilẹ̀ wa jogún fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní oníṣòwò kò gbọdọ̀ dín ìrun kù kúrò lọ́nà. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú Súúrà Muzzammil, ní áyà 20, Ọlọ́hun dárúkọ àwọn tó ń rìn kiri lórí ilẹ̀ láti wá oore Rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jagun sójú ọ̀nà Rẹ̀. Ìrìn-àjò tí kì í bá ti ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀, tí àlọ rẹ̀ nìkan sì tó máìlì 48, bíi kìlómítà 80, ìdínrun wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́yìn sí Èkó ju ìyẹn lọ dáadáa. Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún Umar, sàábé rẹ̀, pé sàárà ni ìdínrun tí Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ, ká gba sàárà Rẹ̀. Ta wá ni yóò ti sàárà Ọlọ́hun sẹ́yìn nítorí pé aṣọ títà ló wà nínú ẹrù?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú gan-an ni ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ohun tí Risālah, ìwé òfin ojú ọ̀nà Málíìkì tí ẹ kà nílé kéwú, sọ ni pé arìnrìn-àjò tó bá gbèrò láti gbé ọjọ́ mẹ́rin níbì kan, tàbí iye ọjọ́ tí yóò fi kí ogún ìrun, yóò máa kí ìrun pé. Èrò ọkàn rẹ̀ ni ìdájọ́ rọ̀ mọ́, kì í ṣe iye ọjọ́ tó ti lò. Àwọn tó ń dín in kù fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó máa kí i pé ti fi orí rẹ̀ ṣe ìrù. Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀bùn ọjọ́ mẹ́rin tí gbogbo àlejò ń gbà kó tó di onílé. Ẹ ti sanwó àyè ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó di ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ sì mọ ọjọ́ tí ẹ ó padà. Bí ẹ ṣe wọ Èkó báyìí, òfin onílé ló bá yín.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́ náà rèé: ọjọ́ tí ẹ dé kò sí nínú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kí ẹ tó wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹni tó wọ Èkó lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀, tó fẹ́ padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ méjì péré ló ní, kó máa dín in kù. Àmọ́ ẹni tó bá ní ìyàwó tó fi sílé l'Ékòó, ì báà ṣe alẹ́ kan ló fẹ́ sùn, kó kí i pé, ilé rẹ̀ náà nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní, "A ò mọ ìgbà tí ọjà máa tán, ó lè tán lọ́la." Lóòótọ́, ẹni tó ń retí nǹkan tí kò mọ ìgbà tí yóò bọ́ sí i lè máa dín ìrun kù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀. Bí ẹtù bá tán lọ́jọ́ kejì, ẹ ó jókòó gba iṣẹ́ ìgbéyàwó títí ìpàtẹ yóò fi parí. Àwáwí ni.

Mo mọ̀ pé wọ́n á mú ẹ̀gbàwá Ibn Abbas jáde, pé Ànọ́bì dín ìrun kù fún ọjọ́ 19 ní Mẹ́kà. Ẹ̀gbàwá tó dúró ni, inú Bukhari, ìwé àkójọ hádíìsì, ló wà. Ọdún tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà ni, ogun ṣì wà níwájú, àwọn onímọ̀ wa sì sọ pé kò gbèrò ọjọ́ mẹ́rin síbẹ̀. Ohun tí a dì mú ni pé ó yọ̀ǹda ọjọ́ mẹ́ta péré fún àwọn Mùhájírí, ìyẹn àwọn tó ti ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, láti dúró sí Mẹ́kà lẹ́yìn iṣẹ́ Hájì. Ìyẹn fi hàn pé ohun tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ti di ìgbélé.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ìpapọ̀ ìrun nídìí àtẹ kí oníbàárà má baà lọ. Àdádáálẹ̀ ni, kì í ṣe ìdájọ́ tó gbajúmọ̀ ní ojú ọ̀nà wa. Lóṣù kọkànlá l'Ékòó, Àílà máa ń wọlé ní bí aago méjìlá ààbọ̀, Alásàrí kì í wọlé títí di bí aago mẹ́rin ku díẹ̀. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ láàárín wọn! Ìrun ràkáà mẹ́rin kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ pín ara yín sí méjì, kí àwọn kan kírun, kí àwọn yòókù máa ta, kí wọ́n sì pààrọ̀. Ẹni tó bá dá wá, kó ta aṣọ bo ọjà, kó bẹ aládùúgbò rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni ìpapọ̀ wà. Bí Àílà bá bá yín níbi tí ẹ dúró sí, ní Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ, tí ẹ sì rí i pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ kí Àílà ní méjì, kí ẹ fi Alásàrí tẹ̀lé e lójú kan náà ní méjì. Bí ẹ bá máa dé kí oòrùn tó pọ́n, Àílà nìkan ni kí ẹ kí, kí ẹ kí Alásàrí l'Ékòó ní mẹ́rin. Inú gáréèjì Ìṣẹ́yìn kọ́ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù o, ó di ìgbà tí ẹ bá kọjá ilé tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń padà náà, ẹ kọ́kọ́ jáde láàárín ilé.

Jímọ̀ọ̀ náà ti di dandan lórí ẹ̀yin ọkùnrin. Mọ́sálásí ńlá Èkó kò jìnnà sí Tafawa Balewa Square. Tí wọ́n bá ti pe ìrun tí Lèmọ́mù wà lórí mínbárì, èèwọ̀ ni títà àti rírà fún yín.

Ní ti ìrun èṣí, ẹni tó jẹ́ pé àáfà kan tó gbẹ́kẹ̀ lé ló ní kó dín in kù, ọrùn rẹ̀ mọ́, torí àwọn onímọ̀ kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó kàn ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láìbéèrè, àti ẹni tó ń kí Alásàrí nígbà Àílà nídìí àtẹ, kí wọ́n san án padà ní mẹ́rin mẹ́rin. Tí ẹ bá ń san ti ọjọ́ méjì lójúmọ́, kò ní gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Wàlláhù àlámù.