Gáàsì Kì í Tán Bí Epo: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Kílíìmù Ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù ni mo ń wà, ọdún 2009 ni wọ́n sì ṣe é. Nígbà tí ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kílíìmù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀, ṣíwọ́ títutù. Afẹ́fẹ́ ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n gbígbóná ni. Oníṣẹ́ kan rọ gáàsì sí i, ó tutù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ó tún rọ òmíràn, kò tó oṣù kan tí ó tún gbóná. Nísinsìnyí ó ní kí n wá rọ ẹ̀ẹ̀kẹta, pé ọkọ̀ tó bá ti dàgbà máa ń mu gáàsì. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ooru. Kò sí ọkọ̀ tí í mu gáàsì kílíìmù. Gáàsì yìí kò jọ epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó: inú páìpù tí wọ́n dé pa ni ó ń yí ká, èyí tó kúrò lọ́dọ̀ kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tì í kiri, náà ni ó ń padà síbẹ̀. Lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ lè máa rá jáde lára rọ́bà àti oríkèé páìpù fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ihò ni ó gbà jáde. Ẹni tó ń rọ gáàsì láìwá ihò náà, ajere ni ó fi ń pọnmi, owó yín sì ni omi ọ̀hún.

Kí ẹ tó náwó kẹta, ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀ kí ó tẹ bọ́tìnnì kílíìmù, kí ẹ̀yin sì wo iwájú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ láìfọwọ́ kàn án, láìwọ aṣọ tó fẹ̀ débi tí bẹ́líìtì lè fà á wọlé. Kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí kì í dúró, ṣùgbọ́n àwo irin kan wà níwájú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ìró “káà” kan ní kété tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa yí. (Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ wọn kò ní àwo yìí, tí ẹ kò bá rí i, ẹ má dààmú.) Bí kò bá lẹ̀ rárá, fíúùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló pọ́ọ́kú jù. Bí fíúùsì bá dára, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti lọ sílẹ̀ jù, torí pé súìṣì kan wà lára páìpù tí kì í jẹ́ kí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí gáàsì kò bá tó. Bí àwo náà bá ń lẹ̀ tí ó tún ń bọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, àìtó gáàsì náà ni ó sábà máa ń jẹ́. Àwọn kan máa ń fi wáyà so ẹnu súìṣì yìí pọ̀ kí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lè yí tipátipá. Ẹ má gbà fún wọn o: gáàsì ni ó ń gbé òróró kiri fún kọ́ńpúrẹ́sọ̀, èyí tó bá sì ń yí láìrí òróró yóò jẹ ara rẹ̀ run.

Òróró yẹn kan náà ni yóò fi ihò hàn yín. Eruku pupa Kétu tí gbogbo wa ń bú ṣe wá lóore níhìn-ín, nítorí ibi tí gáàsì bá ti ń jáde, òróró a máa bá a jáde, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àmọ̀. Ẹ wo oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo kọ̀ńdẹ́ńsà, ìyẹn èyí pẹlẹbẹ tó wà níwájú rédíétọ̀, tí òkúta ojú ọ̀nà ń kọ́kọ́ bá. Lára ọkọ̀ tèmi, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì gan-an ni. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù. Mo fi ìka kan ìfófòó ọṣẹ síbẹ̀, kò pẹ́ tí ìfófòó náà wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó bẹ́, ó tún wú. Fáàfù kékeré kan bíi ti táyà ni wọ́n pààrọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mejì bíi tiyín. Ẹ má ṣe tú oríkèé kankan fúnra yín, nítorí pé òtútù R134a, ìyẹn irú gáàsì tó wà nínú kílíìmù ọkọ̀ bíi tiyín, tó ń tú jáde lè bó ojú àti awọ ara bí iná.

Tí wọ́n bá ti dí ihò náà, kí oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ó pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ jọ tẹjú mọ́ géèjì. Bí ọwọ́ géèjì bá ń padà, ihò ṣì wà níbì kan, bóyá inú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ojú kò tó. Bí kò bá mira, kí ó wá rọ gáàsì pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìfojúdá: iye gíráàmù tí ọkọ̀ yín ń gbà wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, àpọ̀jù gáàsì náà kì í sì í jẹ́ kí ó tutù. Irú gáàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2017 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kúrò lórí R134a, R1234yf sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lò. Ẹni tó bá ra irú wọn ní Kutọnu kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi gáàsì ìdáná rọ́pò nítorí owó, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín kí ẹ máa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Takisí mi tutù nini bí mo bá ń sáré láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kutọnu, ṣùgbọ́n bí mo bá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lẹ́bàá ọjà Ouando, ooru ni. Wọ́n ní kí n rọ gáàsì.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi gáàsì sílẹ̀ ná, awakọ̀ wa. Kọ̀ńdẹ́ńsà nílò afẹ́fẹ́ tí yóò gba ooru lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá dúró, fáànù ló kù. Ẹ tan kílíìmù níbi tí ọkọ̀ dúró sí, kí ẹ wò bóyá fáànù iwájú ń yí. Bí kò bá yí, fíúùsì rẹ̀, rìléè rẹ̀ (súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un) tàbí mọ́tò rẹ̀ ni. Bí ó bá ń yí, ẹ fi omi tí kò lágbára fọ eruku kúrò lójú kọ̀ńdẹ́ńsà, kí ẹ tó ronú kan nǹkan mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti kọ̀wé. Kílíìmù mi tutù, ṣùgbọ́n omi ń ṣàn sẹ́sẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó ń di ìrì lára irin tútù inú dáṣíbọ́ọ̀dù, abẹ́ ọkọ̀ sì ni ó yẹ kí ó máa kán sí. Eruku tàbí ewé ti dí páìpù rọ́bà kékeré tó ń gbé e jáde. Kí wọ́n tú u láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì yọ kápẹ́ẹ̀tì síta kí ó gbẹ kí ó tó máa rùn.