Boko Haram àti ISWAP ń para wọn: ṣé kí n padà sí Baga?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Baga, létí Adágún Chad ní Borno, ni mo ti ń ra ẹja kí ogun tó lé wa. Fídíò kan lórí WhatsApp ní Boko Haram àti ISWAP ti kọjú ìjà síra wọn, wọ́n máa tó para wọn tán. Ṣé kí n padà?

Ìdáhùn: Rárá o, Mà. Fídíò WhatsApp yẹn ló ń ki gbogbo yín láyà, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń pín in kiri, torí wọ́n máa ti ẹnì kan sínú ikú.

Ìjà yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti pín sí méjì, nígbà tí àwọn ISIS, ẹgbẹ́ agbéṣùmọ̀mí òkè òkun tí wọ́n ń tẹ̀ lé, fi Abu Musab al-Barnawi rọ́pò Shekau olórí Boko Haram, tí Shekau ò sì gbà; apá ti al-Barnawi ló di ISWAP. Oṣù karùn-ún 2021, ISWAP ká Shekau mọ́ igbó Sambisa, ó fi bọ́ǹbù pa ara ẹ̀, gbogbo wa ní ó ti parí nìyẹn. Ṣé ó wá parí? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ jọ̀wọ́ ara wọn fún ìjọba lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan bọ́ sọ́dọ̀ ISWAP, àwọn míì dúró ti Bakura, ọ̀gá Boko Haram kan tó wà ní àwọn erékùṣù inú Adágún Chad nígbà náà, àwọn yẹn ò sì yéé bá ISWAP fà á.

Ẹ̀sìn ni wọ́n ń pariwo ẹ̀, àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń jà ná. Ẹni tó bá gba erékùṣù ló ń gba owó lọ́wọ́ apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran. Owó irú yín wà nínú ohun tí wọ́n ń jà sí! Ẹ san fún apá kan lónìí, apá kejì á dé lọ́la, á ní amí ọ̀tá òun ni yín. Oṣù kìíní 2025, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ ní Dumba, nítòsí Baga níbẹ̀, ìjọba Borno ní wọn ò dín ní 40, àti pé àwọn àgbẹ̀ náà ti kọjá ibi tí sójà ní kí wọ́n mọ. Oṣù kẹta ọdún yẹn náà ni Niger yọwọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí adágún náà ká jọ dá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi làwọn agbéṣùmọ̀mí yìí fi ń sọdá bódà.

Ẹni tó bá ní òun máa bá yín bá "àwọn ọmọ inú igbó" sọ̀rọ̀ kí ọ̀nà lè là, ẹ sá fún un. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ òfin 2022 lórí ìpániláyà wà, owó tẹ́ ẹ bá fún wọn lè sọ yín dèrò ẹ̀wọ̀n.

Ẹ ra ẹja yín ní ọjà Baga Road ní Maiduguri, bó tiẹ̀ wọ́n ju ti etí omi lọ.