Ṣé àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun máa ń yí ìṣèlú ìlú wọn padà?

Wọ́n máa ń yí i padà dáadáa. Ẹ wo Philippines. Ní 1974, òfin iṣẹ́ tí Ààrẹ Ferdinand Marcos gbé jáde sọ kíkó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun di ètò ìjọba. Nígbà tó di 1988, Ààrẹ Corazon Aquino ń pè wọ́n ní akọni tuntun. Oríkì dídùn ni, àmọ́ ẹni tí ẹ bá pè lákọni, ẹ ó dáàbò bò ó.

Ìyẹn ló bú gbàù ní oṣù kẹta 1995, nígbà tí Singapore yẹgi fún Flor Contemplacion, ọmọ ọ̀dọ̀ ará Philippines tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn. Àwọn èèyàn tú síta. Ìjọba Fidel Ramos, ààrẹ Philippines nígbà náà, gan-an ni wọ́n dá lẹ́bi, pé kò gbèjà rẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ti iṣẹ́ fipò sílẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹfà, òfin ààbò fún òṣìṣẹ́ òkè òkun ti jáde. Ẹ̀tọ́ ìdìbò láti òkèèrè ò tètè dé: 2003 ni òfin rẹ̀, 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó.