Wọ́n Wá Àpótí Wa Títí, Wọn Ò Rí I

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe eré letterboxing fún tọmọdé tàgbà ní àyíká gbọ̀ngàn àpéjọ abúlé wa. Àpótí mẹ́fà la fi pamọ́, méjì péré ni wọ́n rí. Nígbà tí a lọ kó ìyókù, omi ti wọ inú ọ̀kan, ìwé inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan nínú àlọ́ tí a fún wọn nìyí: “Láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, rin ìṣísẹ̀ 40 sí ìlà-oòrùn, kí o wo ẹ̀yìn igi tó ṣubú.” Níbo la ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí àwọn tó wá a. Àlọ́ yín ni mo fura sí.

Kí ẹni tí kò mọ eré yìí lè bá wa lọ: kò sówó nínú àpótí letterboxing. Òǹtẹ̀ rọ́bà, tí wọ́n sábà máa ń fọwọ́ gbẹ́, àti ìwé kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i á tẹ òǹtẹ̀ àpótí sínú ìwé tirẹ̀, á tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé àpótí, á sì dá a padà bó ṣe bá a. Dartmoor, ní England, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1854, James Perrott, tó máa ń mú àlejò rìn lórí ilẹ̀ náà, gbé ìgò kan sí ibi àdádó kan tó ń jẹ́ Cranmere Pool, kí ẹni tó bá débẹ̀ lè fi káàdì tó ní orúkọ rẹ̀ sínú ìgò náà. Ìrìn àtidébẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Ní tiyín, gbọ̀ngàn ò jìnnà sẹ́nikẹ́ni, àlọ́ nìkan ló ru gbogbo ẹrù.

Ẹ wo “ìṣísẹ̀ 40” yẹn. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà lè tó sẹ̀ǹtímítà 75, tọmọ kékeré lè má ju 50 lọ. Bàbá á rin mítà 30, ọmọ á rin 20, àwọn méjèèjì á sì ka 40 pé. Ìlà-oòrùn ńkọ́? Bí géètì onírin tàbí ọ̀pá àsíá bá wà lẹ́nu ọ̀nà, irin á fa abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì tí wọ́n fi ń mọ ìlà-oòrùn. Bó bá fi dígírì 5 péré ṣìnà, ẹni tó bá rin mítà 100 ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó mítà 9. Igi tó ṣubú náà, ta ló mọ̀ bóyá ẹnìkan ti gé e dáná?

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí kì í kúrò lójú kan ni kí ẹ fi júwe, báyìí: “Fi ẹ̀yìn ti àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Tẹ̀lé ọgbà onígi lápá ọ̀tún títí o fi máa dé igi tó là sí méjì. Gbòǹgbò rẹ̀ kan yọ bí orúnkún. Wo abẹ́ rẹ̀, níhà tí kò kọjú sí gbọ̀ngàn.” Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń fi àpótí pamọ́ ní àlọ́ náà, kí ẹ máa tẹ̀lé e lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. (Èyí le ju bó ṣe dún létí lọ, ẹnu á máa yún yín.) Ibi tó bá ti dúró tó ń họ orí, ibẹ̀ ni ẹ ti máa tún àlọ́ kọ.

Ní ti omi, ike tí ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà ló dáa. Ẹ fi òǹtẹ̀ àti ìwé sínú náílọ́nù onísípù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ewé kékeré tó há sẹ́nu sípù tó láti gba omi wọlé, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sára ìdérí pé kí wọ́n nu ẹnu sípù kí wọ́n tó tì í. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi síbẹ̀, bírò kì í kọ dáadáa lórí ìwé tí omi bá kàn. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ sin àpótí. Ewé gbígbẹ àti òkúta kan ti tó láti bò ó.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ sára àpótí gàdàgbà, kí ẹni tó bá ṣèèṣì rí i má bàa rò pé ohun burúkú ni. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé igi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tú ìdí gbòǹgbò wò, kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.