Ọmọ yín fẹ́ bá ṣọ́ọ̀ṣì lọ míṣọ̀n: ta ló máa pín oògùn níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Ìkẹ́nnẹ́ là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 15, àwọn tíneéjà ṣọ́ọ̀ṣì wa sì fẹ́ lọ ṣe míṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ kan láwọn abúlé etí omi lọ́nà Abígi, nínú họlidé gígùn yìí. Wọ́n á wàásù, wọ́n á sì pín oògùn ọ̀fẹ́ fáwọn ará abúlé. Owó tí wọ́n ní ká san ò kéré, bàbá ẹ̀ ní ìfowóṣòfò ni, pé ìwé ló yẹ kó jókòó kà. Èmi fẹ́ kó lọ. Abẹ́rẹ́ wo ni mo lè fún un kí ibà má baà mú un níbẹ̀? Ṣé ó sì dáa kí n jẹ́ kó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé é, màmá. Gbogbo ìgbà tí họlidé gígùn bá ti ń sún mọ́lé ni wọ́n máa ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ẹ máa fún ọmọ ọdún 15 lónìí tí ibà ò ní mú un lọ́la. Àjẹsára ibà tó wọ Nàìjíríà lópin ọdún 2024, àwọn ọmọ kéékèèké ló wà fún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ń gbà á. Ẹni tó bá ní òun ní abẹ́rẹ́ míì tó ń lé ibà sẹ́yìn fọ́mọ yín, owó yín ló ń wá. Àti pé ẹ̀fọn tó wà ní Abígi ló wà ní Ìkẹ́nnẹ́ náà, ọmọ yín ò ti ìlú tí ò sí ibà bọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí ni kẹ́ ẹ dì sínú báàgì ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn, torí òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà máa ń jáde jù. Kó má sì kàn bẹ́ sódò torí pé ooru ń mú un, omi tó dúró sójú kan tí ìgbín wéwèé wà nínú ẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara èèyàn. Tí wọ́n bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ò bá sí láìfjákẹ́ẹ̀tì fún un, kó má wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé SS ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tàbí ó ní ikọ́ fée, ẹ rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ kó tó lọ, èmi ò rí ọmọ yín, mi ò lè jókòó síbí kí n ní kò séwu.

Ohun tó mú mi dáwọ́ iṣẹ́ míì dúró kí n tó kọ èsì yìí, ẹ kàn sọ ọ́ kọjá ni. Ẹ ní "wọ́n á sì pín oògùn ọ̀fẹ́." Àwọn wo ni "wọ́n"? Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ yẹn ló máa pín in, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Kìrìsìtẹ́nì ni mí o, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì rin irú ìrìn yìí ní Rẹ́mọ àti lápá Ìjẹ̀bú, mi ò bá ìhìnrere jà rárá. Èrò kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kó tán, pé oògùn ọ̀fẹ́ ò lè ṣe ará abúlé ní nǹkan kan, pé ṣebí oògùn aràn àti oògùn ara ríro náà ni, ẹni tí ò rí rárá, kó gba èyí tó bá rí. Irọ́ gbuu ni, mo sì ń rí àwọn tó ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn aràn, albendazole 400 mg. Ẹyọ kan tó fún àgbàlagbà, kò le, àmọ́ obìnrin tí oyún ẹ̀ ò tíì ju oṣù 3 lọ ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ta ló máa bi í? Ṣé ọmọ yín ló máa dúró níwájú obìnrin tó lè bí i lọ́mọ, tí èrò tò sẹ́yìn, tó máa ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn"? Kò ní lè bi í, bó bá tiẹ̀ bi í, obìnrin yẹn ò ní dá a lóhùn, á kàn gba oògùn, á sì gbé e mì. Septrin tí wọ́n ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, sulfa wà nínú ẹ̀, ara àwọn kan kì í gbà á, awọ ara wọn á máa bó, ẹnu àti ojú wọn á di egbò, àwọn míì sì ń kú sí i. Paracetamol gan-an tí gbogbo wa ń fojú kékeré wò wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn kàtá, ẹni tó bá lo méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ tó pọ̀, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Ti ibà ló burú jù. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà, láti 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO ti ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún èèyàn lóògùn ibà, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni, kò sì ju bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Tí ibà bá wá wà níbẹ̀, artemether-lumefantrine tí a ń fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń lò ó láàárín ọjọ́ 3. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé sáṣẹ́ẹ̀tì kan sí méjì kó lè kárí! Ẹni tó lo ìdajì, ara ẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin á ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, ibà á sì tún dìde sí i.

Màmá àgbà kan tú láílọ́ọ̀nù dúdú kan sílẹ̀ níwájú mi lábúlé kan létí omi. Oògùn kún inú ẹ̀, kò sí páálí, kò sí orúkọ, àwọn kan ti fọ́. Diclofenac, oògùn ara ríro, wà níbẹ̀ láti ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Màmá ní òun máa ń lo pupa tí orúnkún bá ń ro òun, òun sì máa ń lo funfun tí oorun ò bá kun òun. Diclofenac yẹn lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, ó lè dá egbò sí ikùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì rèé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe fún àìróorunsùn. Mo ní ta ló fún yín? Ó ní àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n tiẹ̀ kọrin fún òun. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ màmá yẹn sílẹ̀ níbì kankan.

Torí náà ẹ lọ bá olórí àwọn ọ̀dọ́ yín. Ṣé dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ọ̀gá olóògùn tó ní láìsẹ́ǹsì wà nínú àwọn tó ń lọ? Ṣé wọ́n ti kọ̀wé sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside? Ṣé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ṣé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ máa kù sí kó lè máa tọ́jú wọn lọ? Tó bá ní "àwọn ọmọ wa á pín in, àdúrà ló ṣe kókó," ẹ gba owó yín padà.

Tí èyí bá yanjú, mo wà lẹ́yìn yín, màmá, mi ò sí lẹ́yìn bàbá ẹ̀. Ká sòótọ́ lójú ara wa, ọmọ yín ló máa jẹ èrè míṣọ̀n yìí jù, àwọn ará abúlé yẹn ni tíṣà ẹ̀. Ìjẹ̀bú ò fàyè gba àwọn òyìnbó oníwàásù títí dìgbà ogun Ìmàgbọn ní 1892, nígbà tí ìgbàgbọ́ sì wá wọlé tán, àwọn tó jókòó ti ìlú ló jẹ́ kó fìdí múlẹ̀, àwọn tíṣà àti kátíkíìsì tó ń gbé láàárín wọn. Ọmọ tó lọ fún ọjọ́ 7 ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn án pé ó ń gba abúlé là. Kó lọ ṣe iṣẹ́ ọmọ: kó pọnmi ìfọwọ́, kó gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, kó mú àgbàlagbà lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ orí.

Kíkọ ọjọ́ orí yẹn nìkan, iléèwé ni. Ọmọ Ṣágámù kan wà nídìí tábìlì tèmi nírú ìrìn yìí, bàbá àgbà kan dé, kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ọmọ yẹn fẹ́ kọ "kò mọ̀" kó sì pe ẹlòmíì, mo ní rárá o, jókòó, bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ronú títí, ló bá bi wọ́n pé nígbà tí Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, ṣé wọ́n lọ? Bàbá ní wọ́n ti dàgbà jù nígbà yẹn, àwọn ti ń bá bàbá àwọn de àwọ̀n, àbúrò àwọn ni wọ́n mú lọ sí kíláàsì kìíní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀ pọ̀, tí bàbá sì ń sọ bí odò ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé orí ìwé ìdánwò nìkan ló ti ń rí 1955 nìyẹn o. Irú èyí ni kẹ́ ẹ sọ fún bàbá ẹ̀, ìwé kíkà náà ni.

Owó ńkọ́? Kí wọ́n fi ìwé ìnáwó hàn yín, ti mọ́tò àti oúnjẹ ló yẹ kó pọ̀ jù, kì í ṣe ti pólò. Ọmọ tí ò tíì pé 18, ọmọdé ni lójú òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i kó tó lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa sùn, àgbàlagbà tó máa wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ lè pè lóru.

Tó bá dé, tí ara ẹ̀ bá gbóná láàárín oṣù kan, ẹ má kàn ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé etí omi ló ti ń bọ̀. Oògùn tó bá ṣẹ́ kù nínú báàgì ẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.