Atẹ́gùn tútù ló ń ṣáájú ìjì, ẹ má dúró de òjò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé kí ló dé tí ojú ọjọ́ fi ṣe ségesège báyìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oòrùn ràn ganrín-ganrín lọ́jọ́ Ajé, òjò wìnnìwìnnì rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní òjò á rọ̀ lọ́jọ́rú, kò rọ̀. Ó wá di Ọjọ́bọ̀, ìjì gbé ọ̀rá tẹ́ ẹ fi bo sìmẹ́ǹtì yín lọ kí òjò tó kán rárá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kan òrùlé. Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì ṣẹ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, èmi àti ọmọṣẹ́ mi wà lókè. Láti àárọ̀ ni ooru ti ń mú wa, irú ooru tí òógùn kì í gbẹ lára. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́wàá, mo ti rí ìkùukùu tó ń ga sókè bí ilé alájà mẹ́ta, tí orí rẹ̀ ń rú bí ọṣẹ tó ń hó. Mo rí i, n ò kà á sí. Lọ́sàn-án, apá ibẹ̀ ti ṣú dẹ̀dẹ̀, àrá ń kù lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn níbi tá a wà. Mo ní ká yára kan páànù mẹ́ta tó kù. Ọmọṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, atẹ́gùn yìí mà ti tutù o.” Kò tíì pa ẹnu dé tí ìjì fi dé. Ó wọ abẹ́ páànù tí mo dì mú, ó sì gbé èmi àti páànù kúrò lórí igi. Ọrùn ọwọ́ òsì mi ló ṣẹ́. Mo ti wà nílẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lójú.

Oṣù mẹ́ta ni n kò fi lè di òòlù mú dáadáa. Àárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa bí ìjì ṣe ń wáyé, torí ó ń dùn mí pé gbogbo àmì ló wà níwájú mi.

Ìjì àrá nílò ọ̀rinrin, ó nílò kí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ gbóná kí tòkè sì tutù, ó sì nílò ohun tó máa ti afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn gòkè. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gòkè ló ń tutù, tó bá sì tutù dé ibì kan, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di ẹ̀kán omi tíntìntín, bí abẹ́ ọmọrí ìkòkò tó ń hó ṣe ń sẹ omi. Ìyẹn ni ìkùukùu. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí ọ̀rinrin bá ń di omi, ó máa ń tú ooru sílẹ̀, ooru yẹn á sì tún máa ti afẹ́fẹ́ náà gòkè sí i. Ìkùukùu náà ló ń kó igi síná fún ara rẹ̀. Ó lè ga tó kìlómítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí orí rẹ̀ tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí olú. Lókè yẹn, omi ti di yìnyín. Yìnyín kéékèèké àti èyí tó wúwo ń gbá ara wọn, ibẹ̀ ni iná mànàmáná ti ń jáde wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sẹ̀ yín. Èrò tèmi ni pé òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá láti inú ìkùukùu tó bo gbogbo ojú ọ̀run, tí kò jẹ́ kí oòrùn rí ilẹ̀ mú gbóná. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìjì, ṣùgbọ́n ó rin ilẹ̀ gbingbin. Ní ti Ọjọ́rú, wọn ò parọ́ fún yín. Ìjì kan lè má fẹ̀ ju kìlómítà díẹ̀ lọ, kó sì parí láàárín wákàtí kan. Ó lè rọ̀ ládùúgbò kejì kí ẹ má rí i. Nígbà tí oòrùn wá padà ràn sórí ilẹ̀ tútù lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rinrin àti ooru pàdé, ìjì sì dé.

Atẹ́gùn tó gbé ọ̀rá yín lọ, inú òjò náà gan-an ló ti wá. Bí òjò ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbẹ lójú ọ̀nà, ó sì ń sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á já wálẹ̀, á sì tàn káàkiri bí omi tí wọ́n dà sílẹ̀ láti inú garawa. Ó máa ń sáré ṣáájú òjò fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó sì lè ti afẹ́fẹ́ gbígbóná iwájú rẹ̀ gòkè kí ìjì mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé atẹ́gùn tutù lójijì, tó sì yí ibi tó ń gbà fẹ́ padà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

Èmi kì í dúró dìgbà yẹn mọ́. Bí mo bá ti gbọ́ àrá, mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, torí mànàmáná lè sán níbi tí òjò ò tíì dé. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìgbà tí mànàmáná bù yẹ̀rì àti ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ àrá: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan sí ibi tó ti sán. Bí àrá bá dákẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko la fi ń dúró ká tó gun òkè padà, bí onílé tiẹ̀ ń bínú.

Ní ti sìmẹ́ǹtì yín, òkúta tẹ́ ẹ fi tẹ àárín ọ̀rá mọ́lẹ̀ kò lè ṣe é. Etí rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ ká gbogbo etí rẹ̀ sábẹ́ àpò, kẹ́ ẹ fi okùn dì í yíká, kẹ́ ẹ sì ṣe é láàárọ̀ nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́.