Ẹ wo SS1 kí ẹ tó wo èsì WAEC

Ẹ kú àníyàn o, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ yọ ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lápá Ṣakí kúrò ní ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ ti ń tán lọ níbẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwé kejì tí wọ́n ní gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń yege WAEC. Tíṣà ni mí, Òkè-Ògùn ni mo ti ń jẹun, abúlé ni wọ́n sì ń gbé mi lọ ṣáá.

Ẹ má tíì gbé e. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ọmọ tó wà ní SS1 ilé-ìwé tí wọ́n ń yìn fún yín yẹn, kí ẹ wá béèrè ti SS3. Ní abúlé, bí kíláàsì bá ṣe ń ga sí i ni ọmọ ń dín kù. Òmíràn á lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, òmíràn á wọkọ̀ Èkó, ọmọbìnrin mìíràn á ti lóyún. Bí SS1 bá jẹ́ ogún, tí SS3 wá di ọgọ́rùn-ún, níbo ni ìyókù ti wá? Ìlú ńlá ni wọ́n ti wá forúkọ sílẹ̀. Ó di ọjọ́ ìdánwò kí ẹ tó fojú rí wọn. Mírákù sẹ́ńtà nìyẹn. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan rí. Àwọn òbí á dáwó, ìdáhùn á bọ́ sójú pátákó, kírẹ́dítì á máa rọ̀jò. Ọmọ abúlé gan-an á bá wọn yege, ó sì di ọ̀dọ̀ JAMB, tó ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ.

Ti ilé-ìwé tí ọmọ yín wà, pé ọmọ kéré níbẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kéékèèké ti wọ abúlé, wọ́n sì ń kó ọmọ lọ. Ẹ má gba ìwé ìpè orúkọ gbọ́ ṣá. Ẹ yọ sí wọn lọ́jọ́ ọjà, tàbí ní àkókò kajú, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà lóko tí ìwé sì ń sọ pé gbogbo wọn pé.

Ohun tí mo máa ń wò jù ni ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Bó bá jẹ́ kọ́pà nìkan, ọdún kan ni tirẹ̀, ó ti lọ. Tíṣà tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn náà, kó tó tú ẹrù rẹ̀ ló ti ń wá ẹni tí yóò bá a ṣètò bí yóò ṣe padà. (Èmi ò dá wọn lẹ́bi o, ẹ wo ọ̀nà wa.) Ṣùgbọ́n bí tíṣà ìṣirò tó ń gbé ìlú yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀. Bí kò bá sí, ọ̀dọ̀ yín ní Ìbàdàn ni kó wá, kó sì jẹ́ kó tó wọ SS1, torí láti SS1 ni WAEC ti ń gba máàkì kíláàsì.